Àmì Ọ̀dà Pupa Kì í Ṣe Ọjà Títà

Ìwé ìlàlóye fún àwọn onílé, onísọ́ọ̀bù àti ayálégbé tí iṣẹ́ gọ́tà àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kàn ní ìlú Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, àti ẹ̀yin àlejò tí ẹ ti di onílé láàrin wa, ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí ni pé ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń dúró sẹ́nu káńtà wa ní ọ́fíìsì tí ń bójú tó iṣẹ́ gọ́tà àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yìí, tí wọ́n ń fi omijé ròyìn pé àwọn ti san owó fún ẹnì kan tí ó ṣèlérí láti bá àwọn pa àmì ọ̀dà pupa ara ògiri àwọn rẹ́, síbẹ̀ tí katapílà kò yà kúrò níbi tí àmì náà wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọra, nítorí owó ọjà, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àti owó àjọ ni wọ́n ń kó lé oníjìbìtì lọ́wọ́.

Ohun tí àmì náà jẹ́

Kí awọnlẹ̀ wa tó mú ọ̀dà lọ́wọ́ rárá, ó ti kọ́kọ́ fi okùn wọn ilẹ̀ láti àárín títì dé ibi tí gọ́tà àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yóò parí sí, ó ti kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé, ó sì ti fà á sórí àwòrán ọ̀nà tí ó wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó fi ọ̀dà kan ògiri, kí onílé baà lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ìwé ti sọ. Nítorí náà, ẹni tí ó fi kẹrosíìnì nu àmì, tàbí tí ó fi ọ̀dà mìíràn kùn ún mọ́lẹ̀ lóru, ògiri ni ó fọ̀, kò fọwọ́ kan ìwé. Lọ́jọ́ iṣẹ́, láti àárín títì kan náà ni a ó tún ti na okùn, ojú ibi kan náà ni yóò sì dé.

Kò sí òṣìṣẹ́ tí ó lè dá yí ìlà náà padà nítorí ẹnì kan, ìbáà jẹ́ ọ̀gá pátápátá. Bí gọ́tà bá wọ́ níwájú ilé kan ṣoṣo, eré omi yóò dínkù níbẹ̀, iyanrìn àti ọ̀rá yóò jókòó sí kọ̀rọ̀ náà, omi yóò sì padà sí yàrá àwọn tí ó wà lápá òkè gọ́tà. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ṣùgbọ́n báwo ni onílé yóò ṣe kọ̀ fún un nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ bá ti ra ọ̀nà omi? Ẹni tí ó rí ohun tí ìkún omi odò Ògùnpa ṣe ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tàbí tí àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 bá nílé, kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe àlàyé.

Ẹ tún gbọ́ o: àmì náà kò sọ pé gbogbo ilé ni a ó wó. Ibi tí iṣẹ́ dé ni ó ń fi hàn, àtẹ̀gùn tàbí igun ògiri kan sì lè jẹ́ gbogbo ohun tí ó kọjá ìlà.

Àwọn tí ń wá bá yín nílé

Àwọn oníjìbìtì náà a máa gbé fáìlì dání, wọ́n a sì máa dá orúkọ ọ̀gá wa. Ẹni tí a ní kí ó kín ni lẹ́yìn ni ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yẹn. Fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó gbà-má-bínú lọ́dọ̀ wa kò ní owó nínú, yálà láti gbà á, láti kọ ọ́, tàbí láti dá a padà. A kì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà, a kì í gbà á lórí fóònù, a kì í sì í rán ènìyàn wá gbà á lálẹ́.

Ẹni tí owó gbà-má-bínú tọ́ sí

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ni a ń tẹ̀ lé. Ilé ni òfin náà ń díye lé: iye tí yóò náni láti kọ́ irú rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti ogbó kúrò, ó sì ka irúgbìn mọ́ ọn. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye ìṣákọ́lẹ̀ tí olùgbé ibẹ̀ san lọ́dún tí a gba ilẹ̀ náà, bí ó bá san rárá, ni òfin mọ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta pílọ́ọ̀tì ládùúgbò. Àtíbàbà, pátákó àti kọnkéré tí a tẹ́ lé orí gọ́tà ìjọba kò sí nínú rẹ̀, ayálégbé kò sì lè gba owó ilé tí kò kọ́. Ẹni tí iye náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìpín-ilẹ̀ tí òfin kan náà yàn.

Bí ènìyàn bá ń sunkún, a máa ríran: ní kété tí ẹ bá rí àmì ni kí ẹ wá, pẹ̀lú ìwé ilẹ̀, pílánù àti rìsíìtì yín, nítorí ilé tí ó ṣì dúró ni olùdíyelé lè wò. Àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ kò gbé lè rán ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ má ṣe fi sìmẹ́ńtì dí ojú ihò tí ó wà lára ìdérí gọ́tà. Ibẹ̀ ni a ń fi irin bọ̀ láti ṣí i kó iyanrìn. Ẹ má sì ṣe pàtẹ ọjà sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí afọ́jú àti ọmọ ilé ìwé má baà tún sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ọkọ̀.

Bí ẹ bá ti san owó tẹ́lẹ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró sílé. Ẹ wá, kí ẹ mú ìwé tàbí nọ́ńbà fóònù tí ẹni náà fi sílẹ̀ wá. Orúkọ yín kò ní í tìtorí rẹ̀ kúrò nínú ìwé wa, a kò sì ní í bi yín ní ìbéèrè ìbáwí. Onílé tí ó bá ti nu àmì rẹ̀ nù náà lè wá. Awọnlẹ̀ yóò bá a fa ìlà náà padà, lọ́fẹ̀ẹ́, níṣojú rẹ̀ àti níṣojú àwọn aládùúgbò rẹ̀.