Ìgò Òògùn Ikọ́ Inú Ilé Wa

A kì í sábà fura sí ìgò òògùn ikọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2018, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe èyí tó ní kodíìnì àti kíkó o wọlé, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ń mu ún yó. Kodíìnì àti tramadol máa ń dín èémí kù. Àmujù wọn lè pa ọmọ lójú oorun.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń tòògbé lọ́sàn-án, tí dúdú ojú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, tó ń fi ìrun falẹ̀, ẹ bi í léèrè jẹ́jẹ́. Ẹ má lé e síta; ìta ni wọ́n ti ń tà á. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa. Àámíìn.