Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù, Ṣùgbọ́n Kẹ̀kẹ́ Márúwá Lè Da Èrò Nù

Lónìí, mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, àti ìdí tí ohun tí ara mi ti mọ̀ lórí ọ̀kadà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń gun ọ̀kadà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá ra kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí wọ́n ní kí n wá kọ́ ọ kí n lè máa bá àwọn wà á ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kí ló fẹ́ le nínú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta? Èyí tó ń dá dúró fúnra ẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n ò fèsì. Wọ́n kàn na kọ́kọ́rọ́ sí mi ni, ó di pápá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Mo ṣáná sí i. Gíà kìíní, gíà kejì, ó ń lọ wẹ́rẹ́. Nígbà tí mo dé ìdajì pápá, mo fẹ́ yà sí òsì. Mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe lórí ọ̀kadà: mo fi ara tẹ̀ sí òsì, mo sì ti ọwọ́ òsì síwájú díẹ̀. Ẹ gbà mí o! Kẹ̀kẹ́ ò tẹ̀ rárá. Dípò kó lọ sí òsì, ọ̀tún ló kọrí sí, òpó gọ́ọ̀lù ló ń lọ bá tààrà. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó sẹ́yìn pariwo, "Yí ọwọ́ ẹ̀! Yí i bí ẹni ń wa mọ́tò!" Ọkàn mi ti dàrú. Búrẹ́ẹ̀kì ni mo tẹ̀. Nígbà tá a máa dúró, ó ku díẹ̀ ká fi orí gbá òpó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé o ti rí i? Gbogbo ẹ̀yin ọlọ́kadà bákan náà lẹ rí."

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ojú ọ̀kadà, ìwà mọ́tò

Kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọmọ ìyá alùpùpù ni. Ní 1946, ilé-iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì gbé alùpùpù Vespa jáde. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Corradino D'Ascanio ló ya àwòrán rẹ̀. Ní 1948, wọ́n gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta jáde láti ara Vespa yẹn, wọ́n pè é ní Ape, èyí tó túmọ̀ sí kòkòrò oyin ní èdè Ítálì. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ Bajaj ní Íńdíà gba àṣẹ lọ́wọ́ Piaggio láti máa ṣe irú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ó gba orúkọ lára Buba Marwa, sójà tó ṣe gómìnà Èkó láti 1996 sí 1999. Àwọn tó ń pè é ní kẹ̀kẹ́ NAPEP, wọ́n mú un láti inú ètò tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2001 láti gbógun ti òṣì.

Nítorí ibi tó ti wá yìí ni ojú rẹ̀ fi jọ ti ọ̀kadà. Kò ní sítiárìn rìbìtì bíi ti mọ́tò, ọwọ́ gbọọrọ méjì ló ní. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń fún un níná. Ọwọ́ òsì ni kílọ́ọ̀ṣì wà, ibẹ̀ náà lẹ ti ń yí gíà. Búrẹ́ẹ̀kì wà ní ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, lábẹ́ ibi tí èrò ń jókòó sí. Ó tún lè fi ẹ̀yìn rìn, èyí tí ọ̀kadà ò lè ṣe. Ọwọ́ méjì tó jọ ti ọ̀kadà yìí ló tàn mí jẹ.

Bí ọ̀kadà ṣe ń yà gan-an

Isaac Newton ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1687 pé ohun tó bá ń lọ, tààrà ni yóò máa lọ, àfi tí nǹkan kan bá taari ẹ̀. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ yà, táyà ní láti di ilẹ̀ mú kí ilẹ̀ lè taari rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni táyà wà, òkè sì ni ara wa àti ẹrù wà. Táyà ti yà, òkè ṣì fẹ́ máa lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó bá ń yà sí òsì fi máa ń fẹ́ dà sí ọ̀tún.

Ọ̀kadà ní oògùn fún èyí: ó máa ń tẹ̀. Tó bá fẹ́ yà sí òsì, ó máa kọ́kọ́ tẹ̀ sí òsì, kí òòfà ilẹ̀ máa fà á sí òsì bí eré ṣe ń taari rẹ̀ sí ọ̀tún. Nígbà tí méjèèjì bá dọ́gba, kò ní ṣubú.

Báwo lẹ ṣe ń mú un tẹ̀? Ẹ gbé igi gígùn kan dúró lórí àtẹ́lẹwọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tẹ̀ sí òsì, ẹ sún ọwọ́ yín sí ọ̀tún díẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá ti lọ sí ọ̀tún, orí rẹ̀ á wá sí òsì. Ohun tí ọlọ́kadà ń ṣe nìyẹn láìmọ̀. Tí eré bá ti wà lára ọ̀kadà, tó sì fẹ́ lọ sí òsì, ó máa ń ti ọwọ́ òsì síwájú díẹ̀. Táyà iwájú á sún sí ọ̀tún, ara ọ̀kadà á tẹ̀ sí òsì, ó di pé ó ń yà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni yóò jiyàn pé àwọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà ì bá jiyàn, àfi ìgbà tí mo rí òpó gọ́ọ̀lù.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ò lè tẹ̀, torí táyà méjì tó wà lẹ́yìn ti gbé e dúró. Tẹ́ ẹ bá ti ọwọ́ òsì síwájú, táyà iwájú á kọjú sí ọ̀tún, ọ̀tún náà ló sì máa lọ. Ọ̀rọ̀ parí.

Ààrò àti ìkòkò

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, ìmọ̀ ìṣirò sì wà nínú ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kan ilẹ̀, bó ti wù kí ilẹ̀ rí gbágungbàgun tó. Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló máa ń mì tí ẹ fi máa ń ki bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìkòkò máa ń wà: àárín ààrò ni. Ẹ fi ojú inú fa ìlà láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, títí tí yóò fi di onígun mẹ́ta. Tí ojúkò ìwúwo, ìyẹn ibi tá a lè sọ pé gbogbo ìwúwo nǹkan náà kóra jọ sí, bá wà láàárín onígun mẹ́ta yìí, kò ní dà. Tó bá ti yọ kọjá ìlà, ó ti dà nìyẹn. Ààrò kì í rìn, ìkòkò kì í sún. Kẹ̀kẹ́ ń rìn, ó ń yà, ó ń dúró lójijì, gbogbo ìwọ̀nyí ló sì ń ti ìwúwo kúrò láàárín.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó mọ èyí dáadáa. Mo ti ń wà á ní títì, orí mi ti ń wú. Ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn. A ń sọ̀ kalẹ̀ níbi kan, kọ́nà kan yọ ní òsì, mo sì ti bá eré dé inú rẹ̀ kí n tó tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Mo kàn rí i pé ìdí mi ń gbéra. Táyà ẹ̀yìn ti òsì ti kúrò nílẹ̀! Ẹ̀gbọ́n ní, "Nà án! Nà án!" wọ́n sì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n nà án sí iwájú. Táyà padà bọ́ sílẹ̀, gbì! A dúró lẹ́bàá gọ́tà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbèsè kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà lọ́rùn ẹ̀gbọ́n, kò tíì tó ìdajì tí wọ́n san.

Àṣìṣe mi lọ́jọ́ yẹn pé mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, eré. Tí eré bá di ìlọ́po méjì nínú kọ́nà kan náà, agbára tó ń fẹ́ da ọkọ̀ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Kọ́nà tó rọrùn ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá ní 40, wàhálà rẹ̀ ti di mẹ́rin.

Èkejì, búrẹ́ẹ̀kì nínú kọ́nà. Onígun mẹ́ta kẹ̀kẹ́ Márúwá fẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ṣẹ́ńṣó níwájú. Tẹ́ ẹ bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì, gbogbo nǹkan á sáré wá síwájú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n lára nínú ọkọ̀. Ìyẹn ni pé ìwúwo ń kúrò níbi tó fẹ̀, ó ń lọ síbi tó ṣẹ́ńṣó, nígbà tí kọ́nà náà sì ń tì í sí ẹ̀gbẹ́. Ìlà ò jìnnà mọ́ rárá.

Ẹ̀kẹta, àwa méjèèjì níwájú. Èyí ló yẹ kó kan gbogbo wa, torí ojoojúmọ́ là ń rí i: dẹ́rẹ́bà máa ní kí ẹnì kan fi ìdí ha sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ibi tó ṣẹ́ńṣó yẹn ni ẹni náà gbé ìwúwo rẹ̀ lé. Àwọn tó wà lẹ́yìn sún mọ́ táyà méjì, ibẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Ẹ má sì rò pé bí èrò bá ti kún ẹ̀yìn, kò séwu mọ́ o. Ara àwọn èrò náà ń gbé ojúkò ìwúwo lọ sókè, àpò ẹrù tí wọ́n bá so mọ́ orí kẹ̀kẹ́ á tún gbé e lọ sókè sí i. Bí ìwúwo bá ṣe ga tó ni yóò ṣe yá a lára láti dà.

Ẹ dán an wò nílé

Ẹ gé páálí kan ní onígun mẹ́ta tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ lẹ ọmọrí ìgò mẹ́ta mọ́ abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ agolo mílíìkì kan mọ́ orí rẹ̀, níbi tó fẹ̀. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí pátákó kan kó má baà yọ̀, ẹ gbé páálí náà sórí rẹ̀, kí ẹ wá máa gbé ẹ̀gbẹ́ kan pátákó náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ibi tó ti dà. Ẹ wá sún agolo náà síbi igun kan ṣoṣo tó wà níwájú, kí ẹ tún un ṣe. Ó máa yára dà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ to agolo kejì lé e, ẹ máa rí i pé ó tún yára sí i.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà mọ èyí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún inú igbó àti iyanrìn bá ìjọba ṣe àdéhùn ní 1988 pé àwọn ò ní tà á mọ́, nítorí jàǹbá. Piaggio fúnra rẹ̀ gbé MP3 jáde ní 2006. Táyà méjì wà níwájú rẹ̀, ẹyọ kan wà lẹ́yìn, ó sì lè tẹ̀ bí ọ̀kadà. Tẹ́ ẹ bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì lórí ìyẹn, ibi tó fẹ̀ ni ìwúwo ń sáré lọ.

Kì í ṣe pé kí ẹ má wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá mọ́ o. Nínú gólọ́ọ̀pù àdúgbò wa, bí a bá rọra rìn, ó dára ju ọ̀kadà lọ fún ìyá arúgbó àti ọmọ kékeré. Ẹni tó bá ń wà á, kó dín eré kù kó tó dé kọ́nà, kì í ṣe nígbà tó bá ti wọ inú rẹ̀. Tí táyà kan bá gbéra, kó na ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kó má yà á sí i. Èrò tó bá rí i pé eré ti pọ̀ nínú kọ́nà, kó fi ara sún sí apá ibi tí kẹ̀kẹ́ ń yà sí. Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ wá há mọ́ dẹ́rẹ́bà níwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró de òmíì.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo gbé màmá mi lọ sọ́jà Bódìjà. Mo dín eré kù tipẹ́tipẹ́ kí n tó dé kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Màmá ní, "Ṣé bó o ṣe máa ń wà á nìyí? Ọjà á ti tú o." Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mi ò sì sáré.