Aṣọ Wòlímọ̀ Wà Nínú Àpótí Ìyá Àgbà

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti pé kí obìnrin bo ara, nítorí a ti sọ ìyẹn títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ti owó rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti ti aṣọ àtijọ́ tí ó wà nílé tí a kò wọ̀, àti ti irun tí àwọn ìyá wa ń ṣe tí kò ná wọn ju owó òwú lọ.

Ní ilé kéú wa ní Ìbàdàn, ọmọ 19 ni ó yẹ kí ó ṣe wòlímọ̀ Kùránì ní ọdún tí ó kọjá. Ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún ni àwọn kan nínú wọn ti fi jókòó lórí ẹní. Nígbà tí ó ku oṣù méjì, àwọn ìyá wọn ṣe ìpàdé. Wọ́n mú lẹ́ẹ̀sì fún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n mú gínì fún àwọn ọmọkùnrin, wọ́n fi fìlà àti bàtà kún un, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù lọ wá owó tirẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ọmọ mẹ́ta kò wá kéú mọ́. Mo ránṣẹ́ lọ sílé wọn. Ìyá ọ̀kan nínú wọn, tí ó ń ta ẹ̀kọ, ní òun ti sọ fún ọmọ náà pé kí ó dúró di ọdún mìíràn, nítorí òun kò mọ ibi tí owó lẹ́ẹ̀sì yóò ti wá. Ọmọ tí ó ti ka Kùránì já! Aṣọ ni kò jẹ́ kí ó lè dúró níwájú àwọn àfáà kí ó kà á sí wa létí.

Mo pe àwọn ìyá náà pa dà. Mo ní kí olúkúlùkù lọ ṣí àpótí ìyá rẹ̀, tàbí ti ìyá ọkọ rẹ̀, kí a rí ohun tí ó wà níbẹ̀ kí a tó ná kọ́bọ̀. Ariwo sọ. Àwọn kan ní kí n má fi ọmọ àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ayé. Àwọn kan ní àwọn kò tilẹ̀ ní nǹkan kan nínú àpótí. Mo ní kí ẹni tí kò ní yá ti ẹni tí ó ní. Ibẹ̀ ni ìyá kan ti dìde, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú, ó ní, “Àfáà, ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.” Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un.

Òwe náà dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n mo sọ ìtàn kan fún wọn tí ó wà nínú àkójọ hádíìsì Bùhárì. Ọkùnrin kan wọlé tọ Nánà Áíṣátù nígbà tí ó ti dàgbà, ó sì bá a nínú ẹ̀wù kan tí ó nípọn, tí owó rẹ̀ kò ju dírámù márùn-ún lọ. Nánà ní kí ó wo ìránṣẹ́bìnrin òun, pé ọmọ náà ń yínmú sí irú ẹ̀wù yẹn, kò fẹ́ wọ̀ ọ́ nínú ilé pàápàá. Bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà ayé Ànábì, òun ní irú rẹ̀ kan, kò sì sí obìnrin tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọkọ rẹ̀ ní Mẹ̀dínà tí kì í ránṣẹ́ wá yá a lọ́wọ́ òun. Ẹ gbọ́ ọ ná. Ẹ̀wù kan ṣoṣo, tí gbogbo ìyàwó ìlú ń yá wọ̀, tí ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni. Ẹ tún wo bí yínmú-yínmú àwọn ọmọdé sí aṣọ àtijọ́ ti pẹ́ tó: láàárín ìgbà èwe obìnrin kan àti ìgbà àgbà rẹ̀, aṣọ ìyàwó ti di ohun tí ọmọ-ọ̀dọ̀ kò fẹ́ fi gbálẹ̀. Ìyá tí ó pa òwe rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò lọ wo àpótí.

Ní ọjọ́ Àlàmísì tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n kó ẹrù wá. Ẹ̀yin ará mi, ọrọ̀ wà nílé yìí tí a kò mọ̀! Ẹtù ni ó pọ̀ jù, aṣọ òfì tí wọ́n fi aró rẹ òwú rẹ̀ ní àrẹ̀-tún-rẹ títí ó fi dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, tí ìlà tín-tìn-tín sì là á kọjá. Nígbà tí ẹnì kan ní aṣọ onílà kò jọ ti Mùsùlùmí, mo rán an létí pé Anas, tí ó sin Ànábì, ròyìn pé aṣọ tí Ànábì fẹ́ràn jù láti wọ̀ ni aṣọ onílà ti ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀n. Sányán wà níbẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti yẹ̀pẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àlàárì pupa wà níbẹ̀. Àwọn àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà pọ̀, èyí tí àwọn ìyá wa ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sí lára kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ bọ inú aró. Ọ̀kan jẹ́ Ìbàdàndùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Ẹlòmíràn mú Olóba wá, èyí tí wọ́n ń ya àwòrán ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ayaba rẹ̀ sí láàárín, láti ìgbà àjọ̀dún ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935. Mo ní kí ó dá ìyẹn pa dà, kí ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa fún ìtàn, nítorí àwòrán ènìyàn kò yẹ lára aṣọ tí a ó fi kírun.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa sányán àti àlàárì tí n kò gbọdọ̀ fò. Láyé àtijọ́, òwú kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun sányán, ṣẹ́dà tí ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá ni wọ́n sì fi ń hun àlàárì. Ṣẹ́dà pọ́ńbélé kò tọ́ fún ọkùnrin Mùsùlùmí. Obìnrin ni ó wà fún. Púpọ̀ nínú àwọn òfì tí wọ́n hun ní ọdún àìpẹ́ kì í ṣe ṣẹ́dà mọ́, òwú lásán tàbí òwú ilé iṣẹ́ ni. Báwo ni a ṣe lè mọ̀? Ẹ fa fọ́nrán kan yọ ní etí aṣọ, kí ẹ fi iná sí i. Bí ó bá ń rùn bí irun tí ó jóná, ṣẹ́dà ni, tàbí irun àgùntàn. Bí ó bá ń rùn bí ìwé tí ó jóná, òwú ni. Bí ó bá yọ́ tí ó sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀, ti ilé iṣẹ́ ni. Sányán gidi, èmi kà á mọ́ ṣẹ́dà. Nítorí náà gbogbo èyí tí ó rùn bí irun bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin, inú wọn sì dùn ju bí mo ti rò lọ.

Bí aṣọ òfì bá ya, ẹ má sọ ọ́ nù. Ojú kan rẹ̀ kì í sábà fẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, wọ́n kàn rán wọn pọ̀ ni. Télọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ yóò tú ojú tí ó gbó kúrò, yóò sì rán ìyókù pa dà. Agbádá baba àgbà kan di dàńṣíkí mẹ́ta fún ọmọkùnrin, ó tún ṣẹ́ fìlà méjì kù. Ìró àdìrẹ kan di bùbá àti ìborùn. Iye tí a san fún télọ̀ lórí gbogbo ọmọ náà kò tó owó lẹ́ẹ̀sì ọmọ mẹ́rin. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sí ibòji, nítorí oòrùn a máa pa aró. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ ọmọ ìkókó wọ inú àpótí tí kàfúrà wà. Àwọn dókítà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé èéfín kàfúrà olóyìnbó, èyí tó rí róbótó, lè fa ibà pọ́njú tí ó le fún ọmọ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbà á.

Orí àwọn ọmọbìnrin wá kù. Àwọn onídìrí ti sọ iye tí wọn yóò gbà, àti iye irun àsomọ́ tí a ó rà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ̀ pé Ànábì fi obìnrin tí ń so irun mọ́ irun àti ẹni tí ó ní kí wọ́n so ó fún òun bú. Ó wà nínú Bùhárì àti Múṣílíìmù. Èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí a sọ pé “ẹ má ṣe é” láìsọ ohun tí wọn yóò ṣe, ìwàásù àbọ̀ ni. Ṣé a kò ní ṣùkú ni? Ṣé a kò ní ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, pàtẹ́wọ́, kòlẹ́sẹ̀ àti kojúsọ́kọ? Irun olówùú náà ń kọ́? Ọ̀gbẹ́ni J. D. ’Okhai Ojeikere, ayàwòrán tí ó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ láti 1968 sí í ya orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é. Onílé Gogoro wà lára ohun tí ó yà. Àwọn aláwọ̀ funfun ń sanwó láti wo àwọn fótò náà, àwa ń pè é ní irun ará oko.

Ọmọ ọdún 13 kan, tí ó gbọ́n bí ẹja, bi mí pé, “Àfáà, ta ni yóò tilẹ̀ rí irun náà lábẹ́ ìborí?” Mo ní, “O ṣeun. Kí wá ni ìyá rẹ fẹ́ fi owó ra irun ẹlòmíràn sí abẹ́ rẹ̀ ṣe?”

Síbẹ̀ ti olówùú ní ìlànà tirẹ̀. Nánà Úmù Sálámọ̀ bèèrè lọ́wọ́ Ànábì bóyá òun ní láti tú irun dídì nígbà ìwẹ̀ jánábà, ó ní kí ó má tú u, kí ó da ìkúnwọ́ omi mẹ́ta sórí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìlànà Mọ́líkì, tí àwa ń tẹ̀ lé níhìn-ín, kò fẹ́ kí òwú pọ̀ lára irun débi tí omi kò ní dé ibẹ̀. Kí òwú jẹ́ fọ́nrán kan tàbí méjì, kí ó má le pinpin, kí wọ́n má sì fi i pẹ́ lórí. Èyí tí a bá fà le jù a máa jẹ irun iwájú tán. Ẹ wo iwájú orí àwọn ìyá wa kan.

Nípa ti ọmọkùnrin, kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni a gbà. Irun àásó, tí a ń fá apá kan orí tí a fi apá kan sílẹ̀, Ànábì kọ̀ ọ́. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gẹ̀ lónìí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pá tí òkè rẹ̀ sì dúró bí ògógó àkùkọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àásó. Kí wọ́n gẹ̀ ẹ́ dọ́gba, kí wọ́n là á sí méjì bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe nínú fótò. Ànábì náà la irun orí rẹ̀.

Àwọn kan béèrè nípa òkìríkà. Orúkọ ìlú etí omi kan ní ìpínlẹ̀ Rivers ni wọ́n fi pè é. Òfin ìjọba kò fàyè gba kíkó o wọlé láti òkè òkun, ṣùgbọ́n ó kún ọjà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni rú òfin, n kò sì ní fi tálákà tí ó ti rà á ṣẹ̀sín. Kí ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, kí ó sì lọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ṣí àpótí ilé rẹ̀ ná.

Tìróò àti làálì ni ó kẹ́yìn. Làálì gidi, pupa ni ó ń yọ. Èyí tí ó bá dúdú kíá lọ́wọ́, wọ́n ti po aró irun mọ́ ọn, ó sì lè bó awọ. Tìróò ní tirẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀. Ní 2011 ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan, tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà sì ni wọ́n rí pé ó fà á. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Fún ti àwọn ọmọ wa, mo ní kí wọ́n fi làálì nìkan ṣe é.

Ọmọ 17 ni ó wọ aṣọ àpótí ní ọjọ́ wòlímọ̀. Ìyá méjì rán lẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, n kò sì lé ọmọ wọn. Ọmọ ẹlẹ́kọ wọ àlàárì tí ìyá tí ó pa òwe nínú ìpàdé yá a; nígbà tí ó ka tirẹ̀ tán, lémọ́mù àgbà ní kí ó tún un kà.

Láti ìgbà náà ni àwọn àfáà ilé kéú mìíràn ti ń bi mí ní orúkọ télọ̀ wa. Bàbá náà ti lé ní 70 ọdún, ọmọ-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń bá a tú òfì. Ẹni tí ó bá ní ẹtù tí ó fẹ́ tú kí Iléyá tó dé, kí ó ti oṣù Ṣàwálì gbé e wá, nítorí bí ó bá di Súlúhíjà, kò ní gbà á mọ́.