Bertha Landes: Obìnrin Àkọ́kọ́ tó Ṣe Olórí Ìlú Ńlá ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí àwọn ará Seattle, ìlú èbúté kan ní ìpínlẹ̀ Washington, dìbò yan Bertha Knight Landes ní oṣù Kẹta ọdún 1926 láti jẹ́ méyọ̀, ìyẹn olórí ìjọba ìlú, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní ìlú ńlá kankan ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1910 ni àwọn obìnrin ìpínlẹ̀ náà ti ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, àmọ́ ọdún 1922 ni Landes àti Kathryn Miracle tó di obìnrin àkọ́kọ́ nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1924 ló fi irú ẹni tí Landes jẹ́ hàn jù lọ. Òun ni olórí ìgbìmọ̀ nígbà náà, òfin sì ní kí olórí ìgbìmọ̀ di ìjọba mú bí méyọ̀ kò bá sí nílé. Méyọ̀ Edwin Brown lọ sí àpérò ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní New York, ní àkókò tí òfin àpapọ̀ ka ọtí líle léèwọ̀, tí àwọn ọlọ́pàá kan sì ń gba rìbá lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lábẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá, William Severyns, ti sọ ní gbangba pé bí 100 nínú àwọn ọmọ abẹ́ òun ni ọwọ́ wọn kò mọ́. Landes ní kí ó lé wọn. Nígbà tí ó kọ̀, Landes yọ ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ nípò. Brown sáré padà wálé, ó dá a padà sípò, ṣùgbọ́n ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Landes fi ìbò borí rẹ̀.

Lórí oyè, ó gbájú mọ́ gbèsè ọkọ̀ ojú irin ìgboro, èyí tí ìlú ti rà ní mílíọ̀nù 15 dọ́là, ó sì gbèjà ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó jẹ́ ti ará ìlú. Ó máa ń fi ìlú wé ilé ńlá tí obìnrin mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ọ̀rọ̀ yìí ṣí ọ̀nà fún un, ṣùgbọ́n ó tún fún àwọn alátakò láyè láti sọ pé ọkùnrin ni ipò méyọ̀ yẹ. Lọ́dún 1928, Frank Edwards, tó kọ̀ láti bá a jíròrò níwájú àwọn olùdìbò, borí rẹ̀. Àwọn ará ìlú fi ìbò yọ Edwards ní 1931, nítorí ó lé ọ̀gá ilé iṣẹ́ iná náà, àmọ́ wọn kò tún yan obìnrin ní méyọ̀ títí di ọdún 2017.