Ohun tí Ẹ́ńsáìmù Ń Wò Kí Ó Tó Ṣe Àdàkọ

Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Àlejò kan láti Ítálì ni ó gbé e wá. Èkó ni ó gbà wọlé, ṣùgbọ́n Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni iṣẹ́ gbé e dé. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ fi ka jíìnì kòkòrò náà, èyí tí í ṣe àkọ́kà irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin, tí a sé ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́lé, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Ìgbẹsà, Ọ̀tà àti Àgbárá sì dákẹ́, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé: àyẹ̀wò tí ń sọ ẹyọ kan di àìmọye, ǹjẹ́ kò lè sọ òfo di àrùn? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwà kan tí àwọn ẹ́ńsáìmù ní, ìwà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò fínnífínní.

DNA ni ìwé tí ohun alààyè fi ń kọ ìṣẹ̀dá rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ó ní: A, T, G àti C. Okùn méjì ni ó máa ń lọ́ mọ́ ara wọn, A a dojú kọ T, G a sì dojú kọ C. Bí a bá tú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan di àwòkọ tí a lè fi tún èkejì kọ. Ẹ́ńsáìmù tí à ń pè ní pólímérésì ni akọ̀wé tí ń ṣe iṣẹ́ náà.

Akọ̀wé yìí gan-an ni wọ́n ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ nínú àyẹ̀wò PCR, èyí tí Kary Mullis, ará Amẹ́ríkà, gbèrò ní ọdún 1983. Èyí tí a kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa nínú wọn wá láti ara kòkòrò kan tí Thomas Brock rí nínú ìsun omi gbígbóná Yellowstone ní 1966. Ooru kì í tètè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè dédé bẹ̀rẹ̀ ìwé. A ní láti kọ́kọ́ fún un ní ìlà kúkúrú, bí ogún lẹ́tà, kí ó tó tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Ìlà yìí kò ti ara ohun alààyè kankan wá. Kẹ́míkà ni wọ́n fi tò ó. Síbẹ̀ ẹ́ńsáìmù gbà á, ó so tirẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tí ó bá sì di ìpele kejì, ó ń da ìlà àtọwọ́dá náà pàápàá kọ bí ẹni pé láti ìṣẹ̀dá ayé ni ó ti wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá lọ déédéé, ẹyọ kan a ti lé ní bílíọ̀nù kan lẹ́yìn ọgbọ̀n ìpele. (Ti Kòrónà, RNA ni, nítorí náà ẹ́ńsáìmù mìíràn ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ di DNA.) Àwọn ọ̀mọ̀wé ní Bàlíìnì tilẹ̀ ti tẹ ìlànà àyẹ̀wò àrùn náà jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí ọwọ́ wọn kò tíì tẹ kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ohun àtọwọ́dá wà lára ohun tí wọ́n fi dán ìlànà wọn wò.

Kí wá ni ẹ́ńsáìmù ń wò, bí kì í bá ṣe orírun? Ìrísí ni. Nínú ìsọ̀rí lẹ́tà méjèèjì, ńlá kan ni ó máa ń dojú kọ kékeré kan, ìbú A pẹ̀lú T sì bá ìbú G pẹ̀lú C dọ́gba. Ní 1997, Eric Kool àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lẹ́tà èké kan tí ó jọ T ní ìrísí, ṣùgbọ́n tí kò ní agbára ìdìmú tí T fi ń di A mú. Pólímérésì kò bìkítà; A ni ó fi dojú kọ ọ́.

Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá kò ní í rò pé àjèjì ni ìwà yìí. Ahọ́n wa kì í bèèrè bóyá ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni búrẹ́dì ti wá, tàbí ọ̀dọ̀ Hausa ni àlùbọ́sà gbà dé. Kí kọ́ńsónáǹtì méjì má ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí ọ̀rọ̀ má sì parí sí kọ́ńsónáǹtì, ó parí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún àfiwé yìí: ahọ́n máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe kí ó tó gbà á, ẹ́ńsáìmù kì í tún lẹ́tà ṣe. Onímọ̀ kẹ́míkà ni ó gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ kí ó ṣe wẹ́kú.

Ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Steven Benner fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Ní 1990 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹ́ńsáìmù lè gba ìsọ̀rí lẹ́tà tuntun mọ́ mẹ́rin àtijọ́. Ní ìparí 2023, òun pẹ̀lú Dong Wang ní San Diego àti àwọn mìíràn ya àwòrán ẹ́ńsáìmù kan lẹ́nu iṣẹ́. Ó wá láti ara E. coli, kòkòrò tí ń gbé inú ìfun wa, òun ni ó sì ń da DNA kọ sí RNA. Ìwé olómẹ́fà lẹ́tà ni wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀. Kò sí ìyá-ńlá E. coli kan tí ó rí lẹ́tà wọ̀nyẹn rí, síbẹ̀ ó yan èyí tí ó yẹ, nítorí pé wọ́n jókòó bí àwọn lẹ́tà àdámọ́ ti ń jókòó gẹ́lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dá àwọn tí ó bèèrè lóhùn. Òfo kò lè di nǹkan nípa ìlọ́po. Òdo lọ́nà méjì, òdo náà ni. Ewu ibẹ̀ ni pé akọ̀wé tí kì í bèèrè orírun kò ní í mọ̀yàtọ̀ láàárín ohun tí ó ti imú aláìsàn wá àti ẹ̀kán ohun àtọwọ́dá tí ó ta sínú ìgò. Ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejì ọdún 2020, àyẹ̀wò tí CDC, àjọ ìjọba tí ń gbógun ti àrùn, fi ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀ ń fèsì fún omi lásán. Nígbà tí wọ́n wádìí, ohun àtọwọ́dá ti kó wọ apá kan nínú èròjà rẹ̀. Apá mìíràn sì ní àbùkù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó bá a lọ, àrùn sì ń ràn.

Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí yàrá tí a ti ń po èròjà yàtọ̀ sí yàrá tí a ti ń ṣe àdàkọ, kí ìgò omi lásán kan sì máa wà láàárín ìgò àwọn aláìsàn nígbàkúùgbà. Bí omi bá fèsì, gbogbo èsì tí ó bá a jáde di dídànù, a ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.