A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Àwọn baba wa sọ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Síbẹ̀ ní ọdún 2023, àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa jókòó sí abà rẹ̀, wọ́n sì ń fá orí rẹ̀ ní ìlú Brussels. Ọdún náà ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó, kọfí, epo ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà, pákó àti màlúù kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn bí wọ́n bá ti ibi tí a pa igbó run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá. Ẹni tí yóò kó kòkó wọ ibẹ̀ ní láti tọ́ka sí oko tí ó ti wá gan-an. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ lílo òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwa kò sọ pé òfin yìí burú látòkè délẹ̀. Ta ni kò mọ bí a ti ń gé igbó ọba ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Oǹdó? Ohun tí ó ká wa lára ni pé àgbẹ̀ tí baba rẹ̀ gbin kòkó kí a tó gba òmìnira ní 1960, tí kò ṣẹ́ ẹ̀ka kan nínú igbó ọba rí, lè pàdánù ọjà nítorí pé kò ní ìwé tí ó fi oko rẹ̀ hàn. Igbe nìkan kò lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ni a ní láti gbé síwájú aṣòfin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa sì lè kó ẹ̀rí náà jọ.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti Dókítà Bankole-Bright, ọmọ Sàró, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé orúkọ náà dún bí ‘wàásù’. Ṣùgbọ́n wọn kò fi iṣẹ́ wọn mọ sí ìwàásù. Wọ́n tẹ ìwé ìròyìn tiwọn, wọ́n jọ yẹ ọ̀ràn ilẹ̀ wọn wò, wọ́n sì bá àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Reginald Sorensen ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1941, Attlee sọ níwájú wọn pé gbogbo ẹ̀yà ènìyàn ni ìlérí òmìnira inú Ìwé Àdéhùn Atlantic wà fún. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Churchill sọ ní ilé aṣòfin pé àwọn ará Yúróòpù tí Jámánì ń jẹ gàba lé lórí ni wọ́n ní lọ́kàn. WASU kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní 1942, wọ́n kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ní àṣẹ láti ṣàkóso ọ̀ràn inú ilé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí òmìnira pátápátá sì tẹ̀lé e láàárín ọdún 5 lẹ́yìn ogun. Wọn kò rí i gbà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún sí ẹni tí ó lè sọ pé a kò mọ ohun tí a ń fẹ́.

Nítorí náà, àbá wa nìyí. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ dara pọ̀ mọ́ àwọn ti Legon ní Ghana, nítorí ọ̀ràn kan náà ni ó kàn wọ́n. Kí wọ́n sì wá ẹlẹgbẹ́ ní yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù. Kí àwọn ti ìhín wọ oko lọ, kí wọ́n bá àgbẹ̀ wọn ilẹ̀, kí wọ́n bi í ní ọdún tí a gbin kòkó rẹ̀. Kí àwọn ti ọ̀hún tú òfin náà palẹ̀, kí wọ́n wádìí ẹni tí ó yẹ kí a kọ̀wé sí. Ilé Ìwádìí Kòkó tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lè tọ́ wọn sọ́nà.

Ṣùgbọ́n kí àjọṣe náà jẹ́ ti ọgbọọgba. Bí ọmọ tiwa bá ń rin oko nínú oòrùn, tí ọmọ Òyìnbó sì ń fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan sí ìwé, alágbàṣe ni a rán níṣẹ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Kí a sì kọ àbájáde rẹ̀ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí àgbẹ̀ tí ó ni ọ̀ràn lè gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ìgbà ìbò nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń rántí akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n lè bá yín pariwo. Ẹ bi aṣojú yín bí ó ti ka òfin kòkó yìí, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó ná owó díẹ̀ lórí ìwádìí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ìtàn Ṣólàńkẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá mọ inú ọ̀ràn ni a ń fetí sí.

Bí wọn yóò bá fárí wa, kí olórí wà ní ìjókòó.