Ọmọ Tí Kò Ríran Ńkọ́, Ṣé Kò Ní Ka Ìwé Gíga Ni?

Ẹ̀yin òbí, bí Ọlọ́run bá fún ni ní ọmọ tí kò ríran, tàbí èyí tí etí rẹ̀ di, púpọ̀ nínú wa a máa wí pé: “Kí ó ṣáà mọ Kùránì díẹ̀, kí ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó tó.” Ìwé gíga kò sí nínú ìrètí wa fún un, nítorí a rò pé owó ni a fẹ́ dà sómi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Taha Hussein, ará Íjíbítì, fún yín. Ọdún 1889 ni a bí i. Àìsàn ojú ṣe é ní kékeré, onígbàjámọ̀ abúlé ni ó tọ́jú rẹ̀, ojú méjèèjì sì fọ́. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fún oje ewé sí ojú ọmọ, ẹ gbọ́ o!) Ọmọ mẹ́tàlá ni baba rẹ̀ bí, òṣìṣẹ́ kékeré sì ni ní ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ afọ́jú ní abúlé wọn ni kí ó máa ké Kùránì níbi òkú. Ṣùgbọ́n baba náà ń retí pé ọmọ òun yóò di àlùfáà ńlá ní Al-Azhar, ó sì fi í lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí Kairó ní 1902. Ní 1914 ó gba oyè dókítà ní Yunifásítì Íjíbítì, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba irú rẹ̀ níbẹ̀. Ó tún gba òmíràn ní Párìsì ní 1918. Ní 1950 ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ó sì mú owó kúrò lórí ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì.

Ẹnìkan yóò wí pé Íjíbítì jìnnà. Ọ̀yọ́ ńkọ́? Láti 1977 ni ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ti wà níbẹ̀, tí afọ́jú àti adití ń kẹ́kọ̀ọ́. Láti 2017 ni JAMB ti ní ètò ọ̀tọ̀ fún ìdánwò àwọn tí kò ríran. Òfin tí a fọwọ́ sí ní oṣù Jánúárì 2019 fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún ti pé, àtẹ̀gùn nìkan ni ó ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ibi.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ọmọ afọ́jú tí a fi pa mọ́ sílé títí ó fi di ọmọ ọdún méjìlá, tí ìka rẹ̀ kò mọ àmì mẹ́fà tí a fi ń kọ Bíréèlì. Irú wọn ni ìwé gíga ń ṣòro fún, kì í ṣe nítorí ojú.

Ìyá kan bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó dití. Ó ní: “Àlùfáà, àwọn tí wọ́n gbọ́ràn pàápàá kàwé tán, wọn kò ríṣẹ́. Kí ni tèmi yóò fi ìwé ṣe?” Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Èmi kò lè ṣèlérí iṣẹ́ fún un. Mo ní: “Ìyá, bí ẹ bá fi ayé sílẹ̀, ta ni yóò máa bọ́ ọ?” Ó dákẹ́, ó ní ọmọ náà mọ ìṣirò ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Mo ní kí ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń fẹ́ ní ẹni tí ń fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ olùkọ́ fún adití, kí ó tó san kọ́bọ̀ kan.